Oògùn Ojú Tí Rọ̀kíbátù Lò Fún Ọdún Mẹ́ta

Rọ̀kíbátù ọmọ Àlímì kì í ṣe ẹni tó máa ń ṣàìsàn. Ní gbogbo ọdún mọ́kànlá tó fi ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ oníke kan ní Ìkòròdú, ẹ̀ẹ̀mejì péré ló tọrọ àyè pé ara òun ò yá, ọ̀kan nínú rẹ̀ sì ni ìgbà tí oyún bàjẹ́ mọ́ ọn lára. Iṣẹ́ ojú ni iṣẹ́ rẹ̀. Á jókòó síwájú iná funfun kan, àwọn ike tí wọ́n ń rọ omi mímu sí á máa tò kọjá níwájú rẹ̀, òun á sì máa ṣa àwọn tó lábùkù kúrò: èyí tí ẹnu rẹ̀ wọ́, èyí tí ìdí rẹ̀ lu, èyí tí ìdọ̀tí bíńtín há sí lára. Fáànù ńlá kan wà lókè orí rẹ̀ tí kì í sinmi, nítorí ooru ẹ̀rọ. Àwọn ike náà kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Kí èèyàn tó ṣẹ́jú tán, mẹ́ta ti kọjá. Rọ̀kíbátù kọ́ bí wọ́n ṣe ń jókòó láìṣẹ́jú, ó sì mọ̀ ọ́n débi pé bí àríyànjiyàn bá ṣẹlẹ̀ lórí ike kan, Mujeeb, ọ̀gá tó ń bójú tó wọn, á mú un wá bá a. Mujeeb kéré sí i lọ́jọ́ orí dáadáa. Á ní, "Màmá, ẹ bá mi wò ó." Ohun tó bá sọ ni wọ́n á ṣe.

Ẹ̀pẹ́ ni wọ́n bí i sí, nínú ilé àwọn apẹja. Ibẹ̀ ni Láwàl, ará Ìwó tó ń ṣe iṣẹ́ jíjó irin, ti rí i nígbà tó wá ṣe géètì ilé kan. Nígbà tí wọ́n so yìgì tán, ó mú un wá sí Ìkòròdú, wọ́n gba yàrá méjì lọ́nà Ìbẹ̀ṣẹ̀. Ọmọ kan ṣoṣo ni Ọlọ́run fún wọn, Toyyibah, tó ti wà ní ilé ẹ̀kọ́ gíga ní Ọ̀ṣun nígbà tí ọ̀rọ̀ yìí bẹ̀rẹ̀. Láàárọ̀, Rọ̀kíbátù á kírun, á se oúnjẹ, á jáde lọ dúró de bọ́ọ̀sì àwọn òṣìṣẹ́. Nírọ̀lẹ́, á bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà, á jókòó díẹ̀ kó tó dá ẹnikẹ́ni lóhùn. Bí oṣù bá parí, á lọ kí bàbá rẹ̀ ní Ẹ̀pẹ́. Báyìí ni ayé wọn ṣe rí, kò sì ráhùn sí i.

Ìgbà ọyẹ́ ni ìṣòro ojú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ó kọ́kọ́ dà bíi pé iyanrìn kó sí i. Ó fi omi fọ̀ ọ́, iyanrìn náà kò kúrò. Nígbà tó yá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ta á bíi pé ó fi ọwọ́ tó ti kan ata nù ún. Bó bá jí láàárọ̀, ìpéǹpéjú rẹ̀ á ti lẹ̀ mọ́ ẹyinjú, àfi kó fi omi tutù rọra tú u. Ohun tó tún yà á lẹ́nu ni pé bí atẹ́gùn bá fẹ́ sí i, omi á máa dà lójú rẹ̀ wàràwàrà, síbẹ̀ inú ojú náà á máa ta bí ohun tó gbẹ fúrúfúrú. Àwọn obìnrin tí wọ́n jọ ń wọ bọ́ọ̀sì sọ pé Apólò ni, ojú pípọ́n tó máa ń ràn, wọ́n sì ń sún kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Síkírù ló lọ bá. Síkírù ní ṣọ́ọ̀bù kẹ́míìsì kan ní ibùdókọ̀ Benson. Ará Ìwó bíi ti ọkọ rẹ̀ ni, èèyàn jẹ́jẹ́, tí kì í ta oògùn tí ọjọ́ ti kọjá lórí rẹ̀, tó sì máa ń fún aláboyún ní àga kó tó bi í ní ohun tó bá wá. Ó fi tọ́ọ̀ṣì wo ojú Rọ̀kíbátù, ó ní ó pọ́n, ó fún un ní ìgò kékeré kan tó ní ìdérí pupa. Ó ní kó máa kán ẹ̀kán kọ̀ọ̀kan sí ojú méjèèjì láàárọ̀, lọ́sàn-án àti lálẹ́, fún ọ̀sẹ̀ kan.

Kò tiẹ̀ tó ọ̀sẹ̀ kan. Ní ọjọ́ kẹta, ojú Rọ̀kíbátù ti funfun bíi ti ọmọ tuntun. Ó wo ara rẹ̀ nínú dígí, inú rẹ̀ dùn débi pé ó pe Láwàl wá wò ó. Ní ọjọ́ keje, ó fi oògùn náà sílẹ̀ bí wọ́n ṣe sọ fún un. Kó tó di ọjọ́ kẹwàá, iyanrìn ti padà dé. Ó tún gba Benson lọ, Síkírù sì fún un ní òmíràn. Bó ṣe di ohun tó ń lò lójoojúmọ́ nìyẹn. Kò sí ẹni tó ní kó máa lò ó títí, kò sì sí ẹni tó ní kó dáwọ́ dúró. Ìgò kan wà nínú àpò tó ń gbé lọ síbi iṣẹ́, ìgò kan wà lábẹ́ ìrọ̀rí rẹ̀. Ọdún mẹ́ta gbáko ló fi ń kán an.

Àwọn nǹkan tó wá ń ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà kéré débi pé ẹnikẹ́ni ò lè pè wọ́n ní àìsàn. Èjìká òsì rẹ̀ ń gbá férémù ilẹ̀kùn. Ó gbé ife tíì sí etí tábìlì, ife náà bọ́, ó fọ́. Ní ibi iṣẹ́, Mujeeb bá ike mẹ́rin tó lábùkù nínú àwọn tó ti kọjá lọ́wọ́ rẹ̀. Ó rọra kó wọn lọ. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, ó bá mọ́kànlá. Ó wá bá a lákòókò oúnjẹ, ó bi í bóyá ara rẹ̀ le. Rọ̀kíbátù ní ara òun le. Láti ọjọ́ yẹn ló ti ń yí àga rẹ̀ díẹ̀ sí òsì, kí ojú ọ̀tún lè bá a rí ibi tí àwọn ike ti ń bọ̀. Bí wọ́n bá bi í, á ní fáànù lòun ń yẹra fún. Kò sọ fún Láwàl. Òun fúnra rẹ̀ ò mọ ohun tí ì bá sọ.

Ẹ̀pẹ́ ni àṣírí ti tú. Ní ọdún yẹn, àrùn rọpárọsẹ̀ kọlu Bàbá Àlímì. Apá àti ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ kú, ọ̀rọ̀ sísọ sì di ìṣòro fún un. Muslimah, àbúrò Rọ̀kíbátù, tó ń yan ẹja tà nínú ilé náà, ló ń tọ́jú rẹ̀. Lọ́jọ́ Àìkú kan lẹ́yìn Iléyá, Rọ̀kíbátù dé pẹ̀lú búrẹ́dì àti mílíìkì. Wọ́n ti gbé bàbá náà jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, lọ́wọ́ òsì ẹni tó bá ń wọlé, kó lè máa rí ọ̀sà láti ojú fèrèsé. Bó ṣe rí ọmọ rẹ̀, ó na ọwọ́ kan tó ṣẹ́ kù fún un sí i. Rọ̀kíbátù rìn kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó gbé búrẹ́dì lé orí tábìlì, ó sì pe Muslimah pé bàbá dà.

Bàbá náà kò lè pè é. Ó na ọwọ́ náà síbẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, nígbà tó yá, ó gbé e padà sórí itan ara rẹ̀.

Muslimah rí gbogbo rẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn. Inú bí i. Ó rò pé ẹ̀gbọ́n òun ń kórìíra bí bàbá ṣe dà ni. Ó fà á lọ sí ẹ̀yìn ilé níbi ààrò ẹja, ó sì sọ ọ́ sí i lójú. Rọ̀kíbátù ń búra pé òun ò rí bàbá, pé bí òun bá rí wọn, ṣé òun á kọjá lára bàbá òun ni? Bó ṣe ń búra ni Muslimah ń wò ó. Ó rọra gbé ọwọ́ ara rẹ̀ sókè lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú òsì ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó ń jù ú síwá sẹ́yìn. Rọ̀kíbátù ń bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ, kò wo ibẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi," Muslimah ní, "ẹ ò ríran ní apá ibí."

Rọ̀kíbátù padà sínú ilé, ó kúnlẹ̀ níwájú bàbá rẹ̀, ó wá ọwọ́ náà, ó sì gbé e lé orí ara rẹ̀.

Nígbà tí ọjọ́ iṣẹ́ dé, àwọn méjèèjì jọ lọ sí ilé ìwòsàn ojú. Dókítà tó wò ó, obìnrin kan tí wọ́n ń pè ní Dókítà Fábíyìí, kì í kánjú. Ó fi ìwé tẹ́ẹ́rẹ́ kan há ìpéǹpéjú ìsàlẹ̀ Rọ̀kíbátù ní ọ̀tún àti ní òsì, ó ní kó dijú fún ìṣẹ́jú márùn-ún. Ó ní bí omijé bá wà, á rin ìwé náà wálẹ̀. Nígbà tó yọ wọ́n, ibi tó rin kò tó ìbú èékánná ọmọdé. Lẹ́yìn náà, ó fi ẹ̀rọ kan wọn bí ẹyinjú ṣe le sí, ó tún un wọ̀n, ó kọ ọ́ sílẹ̀, ó sì ní kí nọ́ọ̀sì mú un lọ sí yàrá kejì.

Inú yàrá náà ṣókùnkùn díẹ̀. Ẹ̀rọ kan wà níbẹ̀ tó dà bí inú igbá funfun ńlá. Nọ́ọ̀sì ní kó gbé àgbọ̀n lé e, ó fún un ní bọ́tìnnì kan, ó ní iná wínníwínní á máa yọ káàkiri inú igbá náà, nígbàkígbà tó bá rí ọ̀kan, kó tẹ bọ́tìnnì. Ojú ọ̀tún ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe. Ọkàn Rọ̀kíbátù balẹ̀. Ó ti ń ṣọ́ ohun kéékèèké láti ọdún mọ́kànlá. Ó tẹ̀ ẹ́, ó tún tẹ̀ ẹ́. Ìgbà tó ṣe, wọ́n bo ojú ọ̀tún, ó kan òsì. Iná kan yọ láàárín, ó tẹ bọ́tìnnì. Lẹ́yìn ìyẹn, kò rí nǹkan kan mọ́. Ó dúró, ó tún dúró.

"Nọ́ọ̀sì," ó ní, "ṣé wọ́n ti mú iná lọ ni?"

Nọ́ọ̀sì náà wo ẹ̀rọ. "Rárá, mà. Ó ń ṣiṣẹ́. Ẹ máa wo iwájú."

Ẹ̀rọ náà ń dún kẹ́, kẹ́, kẹ́, jẹ́jẹ́. Rọ̀kíbátù tẹ́tí sí i, ó sì wá yé e pé gbogbo ìgbà tó bá dún, iná kan ti yọ níbì kan tí òun ò rí. Ọwọ́ rẹ̀ wà lórí bọ́tìnnì títí wọ́n fi ní ó tó.

Nígbà tí wọ́n padà sọ́dọ̀ dókítà, ó bi í ní oògùn tó ń lò. Rọ̀kíbátù mú ìgò onídèérí pupa jáde láti inú àpò rẹ̀. Dókítà ka ohun tó wà lára rẹ̀, ó gbé e kalẹ̀ sórí tábìlì.

"Ìyá, ẹ ti ń lo èyí látìgbà wo?"

"Ó ti pé ọdún mẹ́ta."

Dókítà Fábíyìí fi àga rẹ̀ sún mọ́ ọn. Ó ṣàlàyé fún un pé àìsàn tó ní láti ìbẹ̀rẹ̀ kò ju ojú gbígbẹ lọ. Atẹ́gùn fáànù, àìṣẹ́jú níbi iṣẹ́, àti ọjọ́ orí tó ń gòkè ló fà á. Omi tó ń dà lójú rẹ̀ nínú atẹ́gùn, ojú tó gbẹ ló ń ké fún ìrànlọ́wọ́. Ohun tí wọ́n fi ń tọ́jú rẹ̀ ni omijé inú ìgò, tí èèyàn á máa kán sójú lẹ́ẹ̀mẹ́rin tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lójúmọ́. Àmọ́ èyí tó ti ń lò, sitẹ́rọ́ídì ló wà nínú rẹ̀. Kíákíá ló máa ń pa ojú pípọ́n, ìdí nìyẹn tí àwọn èèyàn fi ń fẹ́ràn rẹ̀. Bí wọ́n bá lò ó pẹ́ láìsí dókítà tó ń wò wọ́n, ó lè mú kí omi inú ẹyinjú há, kó máa fún iṣan tó ń gbé ìríran lọ sínú ọpọlọ pa díẹ̀díẹ̀. Ó ní gilakómà ni wọ́n ń pè é. Kì í dunni, ẹ̀gbẹ́ ojú ló sì ti sábà máa ń jẹ ẹ́ bọ̀, ìdí nìyẹn tí kì í fi í tètè hàn sí ẹni tó ń ṣe.

Rọ̀kíbátù gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ìbéèrè kan ṣoṣo ló bi í.

"Èyí tó ti lọ yẹn, ìgbà wo ló máa padà?"

"Kò ní padà, Ìyá. Mi ò ní parọ́ fún yín. Èyí tó kù la máa jọ dì mú."

Muslimah bú sẹ́kún. Rọ̀kíbátù náà retí ẹkún. Ó mọ ọ̀nà tó máa ń gbà wá, láti àyà sí ọ̀nà ọ̀fun, sí imú. Gbogbo rẹ̀ dé, ṣùgbọ́n nígbà tó kan ojú, kò sí ohun tó jáde àyàfi títa. Dókítà rí i. Ó ṣí ìgò tuntun kan, ó ní kó gbé orí sẹ́yìn, ó sì kán omijé náà sí ojú rẹ̀ méjèèjì. Ó tutù. Rọ̀kíbátù jókòó bẹ́ẹ̀, omi tí kì í ṣe tirẹ̀ ń ṣàn wá sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀.

Nígbà tí Láwàl gbọ́, ó wọ bàtà, ó ní àgọ́ ọlọ́pàá lòun ń lọ, ibẹ̀ lòun á gbà dé Benson. Rọ̀kíbátù dúró sẹ́nu ọ̀nà. Ó ní, "Bàbá Toyyibah, ẹ jọ̀ọ́, ojú mi ni. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ lọ bá a." Láwàl jókòó padà, ṣùgbọ́n kò jẹun lọ́jọ́ náà.

Nínú ọkọ̀ tó ń lọ sí Benson, Rọ̀kíbátù to ọ̀rọ̀ tó máa sọ fún Síkírù sílẹ̀ lọ́kàn rẹ̀. Ọ̀rọ̀ líle ni wọ́n. Ó bá a nídìí káńtà, ó gbé ìgò náà ka iwájú rẹ̀, ó sì sọ ohun tí dókítà sọ. Síkírù kò bá a jiyàn. Ó ní kó jọ̀wọ́ tún un sọ, kó rọra sọ ọ́. Rọ̀kíbátù tún un sọ. Ọkùnrin náà fa dúrọ́ọ̀ kan sílẹ̀, ó mú ìgò onídèérí pupa mìíràn jáde, èyí tí wọ́n ti lò dé ìdajì.

"Ìyá mi ló ni eléyìí," ó ní. "Ọwọ́ ara mi ni mo fi ń kán an fún wọn. Ó ti lé ní ọdún méjì. Ojú gbígbẹ ni àwọn náà sọ pé ó ń ṣe wọ́n."

Gbogbo ọ̀rọ̀ líle tí Rọ̀kíbátù tò wá pòórá lẹ́nu rẹ̀. Ó wo ọkùnrin náà, ó rí i pé ó ń wá ibi tó máa jókòó sí, kò sì rí i, bẹ́ẹ̀ àga wà lẹ́yìn rẹ̀. Ó sọ orúkọ ilé ìwòsàn náà fún un. Ó ní kó tètè gbé ìyá lọ láàárọ̀, kí èrò tó pọ̀. Síkírù fa ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù wálẹ̀, ọ̀sán gangan, kò sì ṣí i mọ́ lọ́jọ́ yẹn.

Ìyá àgbà náà kò fi bẹ́ẹ̀ ríran mọ́ nígbà tí wọ́n fi gbé e dé ọ̀dọ̀ dókítà. Ó ti rò pé ogbó ni. Rọ̀kíbátù pàdé wọn níbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, tí Síkírù di ìyá rẹ̀ lápá mú, tó ń ka àtẹ̀gùn fún un. Wọ́n kí ara wọn. Láwàl kò kí Síkírù mọ́ títí dòní, àní nínú ìpàdé àwọn ará Ìwó. Rọ̀kíbátù ti fẹnu sọ pé òun dárí jì í, òótọ́ sì ni ní ọ̀pọ̀ ọjọ́. Àwọn àárọ̀ kan wà tí kì í ṣe òótọ́.

Kò lè ṣe iṣẹ́ rẹ̀ mọ́. Ó ní kí wọ́n jẹ́ kí òun máa gbálẹ̀, àwọn ọ̀gá àgbà ní ilẹ̀ ibẹ̀ kún fún ẹ̀rọ, pé ẹni tí kò rí ẹ̀gbẹ́ lè ṣèṣe. Wọ́n fún un ní lẹ́tà àti àpò ìrẹsì kan. Mujeeb bá a gbé ìrẹsì náà dé géètì. Ó dọ̀bálẹ̀ fún un lójú gbogbo èèyàn, nínú aṣọ iṣẹ́ rẹ̀.

Láti ìgbà náà, Ẹ̀pẹ́ ló ń gbé láàárín ọ̀sẹ̀, á padà sọ́dọ̀ ọkọ rẹ̀ lọ́jọ́ Jímọ̀. Muslimah kò jẹ́ kó sún mọ́ èéfín, nítorí náà, kì í bá a yan ẹja. Ó ń bá a tọ́jú bàbá. Dókítà ti kọ́ ọ pé kó máa ṣẹ́jú dáadáa, kó máa rántí. Ó ń ṣe é bí ọmọ tó ń kọ́ ìwé: á di méjèèjì, á ṣí wọn, á tún dì wọ́n. Omijé inú ìgò lẹ́ẹ̀mẹ́rin lójúmọ́, oògùn gilakómà kó tó sùn. Toyyibah ló ń pè é lórí fóònù láti ilé ẹ̀kọ́ láti bi í bóyá ó ti kán an. Ó kọ́ bó ṣe máa ń yí ọrùn kó tó gbé ẹsẹ̀. Àwọn aládùúgbò tí kò mọ̀ ń sọ pé ó ti ń yọjú jù.

Bàbá Àlímì kú ní ọyẹ́ tó tẹ̀ lé e. Ilé kún, àwọn obìnrin ń sunkún, Rọ̀kíbátù sì jókòó láàárín wọn pẹ̀lú ojú gbígbẹ. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n bàbá kan sọ ọ́ sétí ẹnì kejì, ṣùgbọ́n gbogbo èèyàn gbọ́, pé Ìkòròdú ti sọ ọmọ yìí di olókùúta àyà. Muslimah dìde láti dá a lóhùn. Rọ̀kíbátù fà á láṣọ, ó ní kó jókòó. Ọjọ́ kẹta lẹ́yìn ìsìnkú, ó ń ṣa aṣọ bàbá náà, àyà rẹ̀ ń mì, ohùn ẹkún ń jáde lẹ́nu rẹ̀. Ó mú ìgò omijé rẹ̀, ó kán an sójú nítorí títa náà ti pọ̀ jù, ó sì ń bá aṣọ ṣíṣà lọ.

Oṣù tó kọjá ló tún lọ fún àyẹ̀wò. Dókítà Fábíyìí wọn ojú náà, ó tún un wọ̀n, ó ṣí fáìlì rẹ̀, ó fi ti òní wé ti oṣù mẹ́fà sẹ́yìn. Ó ní ojú òsì kò yí padà, ojú ọ̀tún náà kò sì tíì pàdánù kún ti tẹ́lẹ̀. Ó ní kó má fi ọjọ́ kan ṣoṣo fo oògùn rẹ̀.

Rọ̀kíbátù dúró ní ìta ilé ìwòsàn, lábẹ́ ìbòòji, ó pe Láwàl. Láwàl bi í ní ohun tí wọ́n sọ.

"Ó ṣì wà níbi tó wà," ó ní.

Láwàl ní alihamudulilahi, ó wá bi í bóyá ó ti jẹun.